Ẹnu Ló Ń Sọ Ibùdókọ̀ Lórúkọ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gúnlẹ̀ sí ibùdó Bond Street, wọn kò sì rí Bond Street kà lára ògiri mọ́. Burberry Street ni wọ́n rí. Òrùka pupa tí ọ̀pá búlúù dábùú rẹ̀, àmì tí tọmọdé tàgbà ti fi ń dá ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà mọ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ti pa àwọ̀ dà sí búlúù ti ilé iṣẹ́ aránṣọ kan. Ọ̀sẹ̀ ìfihàn aṣọ ni wọ́n ń ṣe nílùú lọ́wọ́. Burberry, tí ẹ̀wù òjò rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ mẹ̀kúnnù, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní àdúgbò ibùdó náà, ó sì san 200,000 pọ́n-ùn kí orúkọ rẹ̀ lè rọ́pò orúkọ ibùdó fún ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú. Àwọn kan sì wà tí wọn kò ráyè ẹ̀rín tàbí ìbínú: àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀, tí wọ́n yọjú wo ògiri kí ilẹ̀kùn tó padé, tí wọ́n rí orúkọ tí wọn kò mọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ gbé wọn kọjá ibi tí wọ́n ń lọ. Ìwé ìròyìn gbé ẹ̀hónú wọn jáde lọ́sẹ̀ náà.

Ọmọ ìlú tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti kékeré kò lè sọnù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ju ojú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a fi ojú inú wo ìyá àgbà kan tó ti Ìbàdàn wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Peckham. Ó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú, ọmọ rẹ̀ sì ti kọ orúkọ ibùdó tí yóò ti sọ̀kalẹ̀ sínú bébà pélébé fún un. Ìyá náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń sọ nínú ọkọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì wọn ń sáré. Àmọ́ ó mọ̀wé tó láti fi lẹ́tà inú bébà wé lẹ́tà ara ògiri. B ni ti inú bébà fi bẹ̀rẹ̀, B náà ni ti ara ògiri fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù kò bára mu. Kí ni kí ó ṣe? Ilẹ̀kùn kì í dúró de àròjinlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ kọ orúkọ sára ibùdó. Ẹni tó mọ̀nà kò nílò rẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu Transport for London náà, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú ọ̀hún. Láti ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ Britain ti dá owó ìrànwọ́ tó ń fún un fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ dúró. Owó ọkọ̀ tí èrò ń san ló wá di òpó tó gbé ilé ró. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020 tí èrò jókòó sílé, òpó náà yẹ̀, àjọ náà sì ní láti padà lọ tọrọ lọ́wọ́ ìjọba tó ti já a sílẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, tó sì ní ògiri gígùn tí ọ̀kẹ́ àìmọye ojú ń wò lójoojúmọ́, kò ní ṣàì rò ó pé ògiri lè di oúnjẹ. Ògiri náà sì ti ń di oúnjẹ tipẹ́: kí àrùn náà tó dé, owó tí ìpolówó ń mú wọlé fún àjọ yìí ju mílíọ̀nù 150 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Owó yìí kò tó gbọ́ bùkátà ọkọ̀ tí ìnáwó rẹ̀ ń lọ sí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ènìyàn ń ta nù.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé pátákó ìpolówó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Pátákó ọṣẹ, pátákó tíì, pátákó sinimá, gbogbo wọn ti bá ọkọ̀ náà dàgbà. Àwọn aláṣẹ pàápàá ti fi hàn pé àwọn lè sọ pé kí ohun kan má ṣe kan ògiri àwọn. Ní 2015, ìpolówó kan fún ohun jíjẹ tí wọ́n ní ó ń dín sísanra kù gbé àwòrán ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ pátá ìwẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń bi àwọn èrò léèrè bóyá ara tiwọn náà ti ṣe tán láti yọjú sí etíkun. Ó bí àwọn ènìyàn nínú gidigidi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Sadiq Khan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Méyọ̀ fòfin de ìpolówó tó ń mú kí ojú ara wọn máa ti ènìyàn. Ní oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n tún lé ìpolówó oúnjẹ tí ọ̀rá, iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ibùdó. Ẹni tó ni ògiri ló ni ìpinnu ohun tí yóò kan mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ ni orúkọ. Pátákó, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ ènìyàn. Ẹni tó bá wù a wò ó, ẹni tí kò bá wù a gbójú kúrò, ìrìn rẹ̀ kò sì ní dúró nítorí ìyẹn. Orúkọ kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pè é. Ó gbọ́dọ̀ fi júwe ilé rẹ̀ fún àlejò, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ìwé ìwáṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn panápaná lọ́jọ́ tí ilé bá ń jó. Ilé iṣẹ́ tó bá ra orúkọ ibùdó ti sọ gbogbo èrò di apolówó ọjà rẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹyọ ẹnìkan nínú wọn. Ìdí nìyí tí ọjà náà fi wù wọ́n rà ju pátákó lọ.

Ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò ó. Ẹnu kò ṣeé háyà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2010, Lọ́ńdọ̀nù gbé kẹ̀kẹ́ háyà jáde. Ọmọ tó dàgbà nílùú Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, àfi pé kò sí bàbá oníkẹ̀kẹ́ ní ti Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi aago ọwọ́ ṣọ́ ọmọdé tó sì ń pariwo pé àkókò ti tó. Ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ wọn. Báńkì Barclays fi mílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn ṣe onígbọ̀wọ́ ètò náà fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Wọ́n kọ Barclays sára kẹ̀kẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára ibi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́, wọ́n sì fi búlúù kun àwọn ọ̀nà tí wọ́n là sọ́tọ̀ fún oníkẹ̀kẹ́, nítorí búlúù ni àwọ̀ báńkì náà. Kí ni àwọn ará ìlú pe kẹ̀kẹ́ yìí? Wọ́n pè é ní kẹ̀kẹ́ Boris. Boris Johnson ni Méyọ̀ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn àtimáa gun kẹ̀kẹ́ kiri ìlú, irun orí rẹ̀ a sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Kò san kọ́bọ̀. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé ìgbà Ken Livingstone, Méyọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n ti gbèrò ètò náà. Nítorí náà, ẹni tó ronú rẹ̀ kò jèrè orúkọ, ẹni tó sanwó rẹ̀ kò jèrè orúkọ, ẹni tí ẹnu yàn ló jèrè.

Ní 2013, Barclays kéde pé òun kò ní bá a lọ mọ́ lẹ́yìn 2015. Santander, báńkì àwọn ará Sípéènì, gba ipò rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 43.75 pọ́n-ùn fún ọdún méje, kẹ̀kẹ́ búlúù sì di pupa. Gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n ní láti pa rẹ́ kí wọ́n tó kọ èkejì. Sadiq Khan di Méyọ̀, Boris di olórí ìjọba Britain, Boris kúrò lórí àga, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń sọ pé kẹ̀kẹ́ Boris ni àwọn gùn dé ibi iṣẹ́.

A lè sọ pé èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́ ń jẹ́, owó báńkì sì wúlò. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú okùn ni ó yẹ kí ó mú ènìyàn ronú síwájú sí i.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2012, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìlú náà ṣí ọkọ̀ kan tí okùn irin ń fà kọjá lókè odò Thames, láti Greenwich dé Royal Docks. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn ni wọ́n ná lé e lórí. Emirates, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti Dubai, gbà láti san mílíọ̀nù 36 láàárín ọdún mẹ́wàá. Ohun tó gbà padà kì í ṣe kékeré: Emirates Air Line ni ọkọ̀ náà ń jẹ́, Emirates ni orúkọ ibùdó tó wà ní etí odò méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ àti àmì rẹ̀ sì wọ inú máàpù ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, máàpù tí wọ́n ń tẹ̀ sára àga, ife àti ẹ̀wù káàkiri ayé. Àwọn aláwàdà ìlú pe ọkọ̀ náà ní Dangleway, ìyẹn ọ̀nà tó ń fì dirodiro lókè. Ẹnu ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ní 2013, nígbà tí ìwé àdéhùn náà bọ́ sí gbangba, wọ́n rí ohun kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó dí àjọ ìrìnnà náà lọ́wọ́ láti mú àwọn kan wọ inú iṣẹ́ ọkọ̀ náà, ìyẹn ẹnikẹ́ni tàbí ilé iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí kò ní àjọṣe pẹ̀lú ìjọba ilẹ̀ tí Emirates ti wá. Lákòókò náà, Ísírẹ́lì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ariwo ta. Wọ́n sì padà sídìí àdéhùn láti tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni pé ohun tí ará ìlú rò pé wọ́n tà ni orúkọ, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra orúkọ ti fẹ́ máa yan ẹni tí onílé lè bá ṣòwò. Bí kò bá sí àwọn tó ní kí wọ́n gbé ìwé náà síta, ta ni ìbá mọ̀?

Àdéhùn náà tán ní 2022. Emirates palẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, IFS, ilé iṣẹ́ Sweden kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ra orúkọ náà ní nǹkan bíi 420,000 pọ́n-ùn lọ́dún, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí Emirates ń san. Orúkọ tí wọ́n ta lówó iyebíye nígbà tó jẹ́ tuntun di ọjà àlòkù. Wọ́n tún máàpù tẹ̀, wọ́n tún pátákó kọ, àwọn ibùdó méjèèjì sì gba orúkọ tuntun tí yóò tún kúrò lára wọn lọ́jọ́ tí àdéhùn bá tán. Kò sí ará àdúgbò Royal Docks kan tó lè fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ìtàn fún ọmọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo orúkọ aládàáni ni kì í mú lára ibùdó. Ọ̀kan wà nílùú kan náà tó ti dúró láti ọdún 1932, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ ẹ̀wù pupa alápá funfun nírọ̀lẹ́ Sátidé sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Gillespie Road ni ibùdó náà ń jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1906. Ní 1913, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal kó dé Highbury tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Herbert Chapman, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ló rọ àwọn aláṣẹ ọkọ̀ títí wọ́n fi gbà láti pa orúkọ dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàpù àti tíkẹ́ẹ̀tì ní láti yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1932, Gillespie Road di Arsenal. Kí ló dé tí èyí mú? Ìdí ni pé ẹnu ti ń pè é kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ eré, Arsenal ló ń lọ. Kò sí ẹni tó ń lọ wo Gillespie.

Ní 2006, ẹgbẹ́ náà kúrò ní Highbury lọ sí pápá tuntun tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì ta orúkọ pápá náà fún Emirates, ilé iṣẹ́ kan náà tó padà wá ra ọkọ̀ ojú okùn. Pápá, ohun ìní tiwọn ni. Ẹni tó ni ilé lè kun ún ní àwọ̀ tó bá wù ú. Ibùdó kò yí padà. Nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù bá dé, UEFA kì í jẹ́ kí orúkọ Emirates hàn, nítorí UEFA náà ní onígbọ̀wọ́ tirẹ̀, Arsenal Stadium ni wọ́n sì ń pe pápá náà lálẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n rà ń wọlé, ó ń jáde bí àyálégbé. Èyí tí wọn kò rà jókòó jẹ́ẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wo ògiri ibùdó Arsenal yóò rí Gillespie Road tí wọ́n fi táìlì kọ ní lẹ́tà gàdàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò hú u.

Àwọn kan lè sọ pé àṣà òyìnbó ni fífi owó sọ nǹkan lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n á gbé àwo omi kalẹ̀ láàárín agbo. Bàbá àgbà á ju owó sínú omi, á ní Àkànní ni òun pè é. Ìyá ìyá ọmọ á ju tirẹ̀, á ní Olúwadámiláre ni. Àbúrò bàbá tó dé láti ìdálẹ̀ kò ní gbà kí wọ́n fi òun sẹ́yìn, òun náà á ju tirẹ̀ sí i. Nígbà tí oúnjẹ bá jáde, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ti ní orúkọ mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ sì ni wọ́n fi owó tì lẹ́yìn. Kí ni ìyàtọ̀? Àkọ́kọ́, ìbátan ni wọ́n. Àlejò tó wá jẹun kò gbọdọ̀ ju owó ńlá sínú àwo kí ó sì ní kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ ọjà òun. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Olówó kò lè sọ ọmọ tí kò bá a tan lórúkọ. Èkejì, ẹni tó fún ọmọ lórúkọ kì í padà wá gbà á lẹ́yìn ọdún márùn-ún nítorí pé ọjà kò tà mọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kì í rántí: nínú orúkọ mẹ́jọ náà, ẹnu ìyá ọmọ àti ti àwọn ará àdúgbò ni yóò yan ẹyọ kan tí yóò mọ́ ọn lára. Àwọn méje tó kù á wà nínú ìwé.

Ní Madrid, Vodafone kò rí ìyàtọ̀ yìí. Mílíọ̀nù 3 owó Yúrò ni ó san fún ọdún mẹ́ta, ibùdó Sol, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí oòrùn, sì di Vodafone Sol ní 2013. Nígbà tó di 2016, àdéhùn tán, oòrùn padà di oòrùn.

Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń fi mílíọ̀nù wá ní òkè òkun, Èkó ti fún àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọ̀nà Badagry, nítòsí Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn gọ̀ǹgọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ ní Ìjàpá ti ń jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà láràárọ̀. Kọ́ńdọ́ kò lè máa sọ pé "ẹ̀yin tí ẹ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò". Ó gé e kúrú, ó di Volks. Ìyẹn ni gbogbo ìsọmọlórúkọ tó wáyé níbẹ̀. Kò sí gómìnà, kò sí ìwé àdéhùn, kò sí pátákó. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará Jámánì jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Orúkọ kò bá wọn lọ. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́, tí kò rí Ìjàpá kankan lójú títì rí, ṣì ń pariwo láti ẹ̀yìn dánfó pé "Volks, ó wà o!" kí awakọ̀ lè dúró fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Berger ní Òjòdú ṣe gba orúkọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń la títì. Bẹ́ẹ̀ ni Toyota, bẹ́ẹ̀ ni Guinness, bẹ́ẹ̀ ni Cadbury. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí wá san owó ohun tí ẹnu kọ́ńdọ́ ti ṣe fún wọn láti ogójì ọdún sẹ́yìn, bóyá ìjọba ìbá ti rí owó fi dí kòtò ojú ọ̀nà Badagry. Ṣùgbọ́n àwàdà nìyẹn. Wọn kò bẹ kọ́ńdọ́, kọ́ńdọ́ kò sì bi wọ́n. Ó pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé bẹ́ẹ̀ ni èrò yóò ṣe mọ ibi tí wọ́n dé.

Títa ògiri kì í ṣe ohun àjèjì sí Èkó. Ọkọ̀ BRT tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008 ń gbé ìpolówó kiri lára, orítaméta tí báńkì gbin òdòdó sí kì í ṣaláìní orúkọ báńkì náà láàárín òdòdó. Ní 2006 ni ìpínlẹ̀ náà ti fi òfin dá LASAA sílẹ̀ láti máa ṣàkóso pátákó ìpolówó. Ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba ta ara ọkọ̀, kí ó ta òrùlé ibùdókọ̀, kí ó ta ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ tún ọ̀nà ṣe ní gbangba kí gbogbo ènìyàn rí i. Níbi tí wọ́n bá ti kan orúkọ ni kí wọ́n dúró. Òfin tilẹ̀ ti fi ìyàtọ̀ náà hàn, bí a bá fara balẹ̀ kà á. Àtòjọ Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi sísọ òpópó lórúkọ àti títo nọ́ńbà ilé sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó fi ìṣàkóso pátákó ìpolówó sí ìkáwọ́ wọn pẹ̀lú, àmọ́ ní ìlà ọ̀tọ̀. Orúkọ wà pẹ̀lú nọ́ńbà ilé, ìyẹn pẹ̀lú ohun tí ènìyàn fi ń rí ara wọn. Pátákó wà ní ibòmíràn.

Ìjọba tó sún mọ́ ilé jù lọ ni wọ́n sì fi iṣẹ́ ìsọlórúkọ lé lọ́wọ́, bóyá nítorí pé òun ló yẹ kí ó máa gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ. Kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́. Ní 2025, ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Bàrígà pa orúkọ ibùdókọ̀ Charly Boy ní Gbàgádà dà sí Baddo, orúkọ ìnagijẹ Ọlámidé tí Bàrígà jẹ́ ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Ọlámidé kò kúnjú òṣùwọ̀n. Àmọ́ Charly Boy kò bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n fi òun sọ ibùdókọ̀. Ó gbé àdúgbò náà rí, àwọn awakọ̀ sì ń já èrò sẹ́bàá ilé rẹ̀. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ báyìí bá lè dìde nígbà tí owó kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé wọ́n fi bu ọlá fún ọmọ àdúgbò lásán ni, a lè ronú bí yóò ti rí lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ kan bá gbé ìwé sọ̀wédowó wá.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbìyànjú tirẹ̀. Ní 2020, wọ́n fi orúkọ àwọn èèkàn sọ àwọn ibùdó tuntun tó wà lójú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ti Ebúté Mẹ́ta gba orúkọ Mọbọ́lájí Johnson, ti Abẹ́òkúta gba orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ti ìparí ọ̀nà ní Ìbàdàn sì gba orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kò sí èyí tí ó ra orúkọ náà nínú wọn, kò sì sí èyí tí ìlú kò mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbàgadagba sára ilé, ó sì dùn ún wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ kan nílùú Ìbàdàn láàárọ̀, tó fẹ́ bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, kí ó dẹtí sí àwọn agbèrò. Mọ́níyà! Mọ́níyà! ni yóò gbọ́. Kò sí ẹni tó ń tàbùkù Awólọ́wọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀. Mọ́níyà ni wọ́n ń lọ, àyè ẹnìkan ló sì kù nínú mọ́tò.